Ọmọ mi ní kòkòrò lòun ń sìn, ṣé iṣẹ́ nìyẹn?

Lẹ́tà pọ̀ lóṣù yìí o, mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀. Èyí tó gùn jù ni mo fi ṣáájú torí ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún ká mi lára. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà wá: ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, kòkòrò tí ojú ò lè rí ni mo fi ń ṣe purotéènì ní láàbù, mi ò tíì pẹ́ nídìí ẹ̀, mi ò tíì di ọ̀jọ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá bi mí lóhun tó jù mí lọ màá fò ó ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Irú ni mò ń tà, mo tún ń fi ògì kún un, ní Ayétòrò ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ọmọ mi tó kéré jù ló bá mi tẹ lẹ́tà yìí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin jáde yunifásítì, ó tún padà lọ ṣe másítà, ó ní PhD ló kàn báyìí. Tí mo bá bi í pé kí ló ń ṣe gan-an, á ní "Màámi, kòkòrò ni mò ń sìn nínú táǹkì, mo wá ń yọ purotéènì lára wọn". Purotéènì tí mo mọ̀ ni ẹ̀wà àti ẹja, ẹja ò sì wọ́n wa ní Ẹ̀pẹ́. Ó ti lé lọ́dún 3. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báńkì, ti tiẹ̀, gbogbo ìgbà ló ń sọ pé èyí tóun ṣe lọ́sẹ̀ yìí ti bàjẹ́. Lọ́dún tó kọjá wọ́n bẹ̀ mí ní irú fún ìnáwó kan, mo ní kí n má dààmú ara mi, mo da gbogbo ẹ̀ sínú agbọ̀n ńlá kan ṣoṣo, àárín ẹ̀ rà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ò là. Nígbà tí mo sọ fún un, ńṣe ló fò sókè, ó ní "Màámi, ohun tí mò ń bá yí gan-an nìyẹn!" Mi ò mọ ohun tó dùn mọ́ ọn nínú òfò mi. Ṣé iṣẹ́ gidi nìyẹn, àbí wọ́n kàn ń lo ọmọ mi?
Ìyá Onírú, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, màámi. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn. Kò sì fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ máa rí i.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí irú. Ẹ ó se irúgbá títí á fi rọ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, ẹ ó fọ èèpo ẹ̀ dànù, ẹ ó tún un sè, ẹ ó dà á sínú agbọ̀n, ẹ ó fi ewé àti aṣọ bò ó, ẹ ó gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ ó wá lọ sùn. Ta ló ṣe ìyókù? Ta ló sọ irúgbá tí ò rùn tí ò ta sánsán di irú tó ń pe ará àdúgbò? Bakitéríà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn yẹn lágídí gan-an, tí ìyà bá fẹ́ jẹ wọ́n, wọ́n á wọnú èèpo líle kan lọ, omi gbígbóná á hó lórí wọn, wọn ò ní kú, tó bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ wọ́n á jí. Irúgbá yẹn sì kún fún purotéènì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á máa jẹ ẹ́, ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni gáàsì kan tó ń jẹ́ ammonia ti ń jáde, òun ló ń ta síni nímú yẹn. Oúnjẹ, ooru, ìbora, ẹ̀yin lẹ pèsè ẹ̀. Ẹ ti ń sìn kòkòrò látọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ ò kàn pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Purotéènì wá ńkọ́? Òótọ́ lẹ sọ, ó wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú ẹja, àwọn tíṣà wa ló kọ́ wa pé òun ló ń mú ara dàgbà. Àmọ́ ó tún lé ju oúnjẹ lọ. Ẹ wò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sójú okùn, oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ló wà, bí wọ́n bá ṣe tò ó ni okùn yẹn á ṣe ká jọ, bó bá sì ṣe ká ni iṣẹ́ tó máa lè ṣe. Òmíràn ń gbé atẹ́gùn kiri inú ẹ̀jẹ̀, òmíràn ń da oúnjẹ nínú, òmíràn ń bá àìsàn jà. Ẹ rí jínótáìpù tí pásítọ̀ àti àáfà máa ń béèrè kí wọ́n tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ló dá gbogbo wàhálà yẹn sílẹ̀ o: okùn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ní ìlẹ̀kẹ̀ 146, ti ẹni tó bá jẹ́ SS, ìkẹfà ló yàtọ̀, ẹyọ kan péré, ẹ̀jẹ̀ á wá máa tẹ̀ kọ́rọ́ bíi dòjé.

Ọmọ yín á mú àkọsílẹ̀ tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń to okùn kan, ìyẹn DNA, á kì í bọnú bakitéríà, bakitéríà á wá máa bá a sín ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ. Èyí tí wọ́n sábà máa ń lò ni E. coli. Tí ara bá tù ú, láàárín 20 mínútì ẹyọ kan á ti di méjì, méjì á di mẹ́rin. Tẹ́ ẹ bá fi ẹyọ kan sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun iṣáà, tí nǹkan kan ò dí i lọ́wọ́, lẹ́yìn wákàtí 10 ó ti lé ní bílíọ̀nù kan, ẹ ò tíì dáná àárọ̀ nígbà yẹn.

Tí nǹkan kan ò dí i lọ́wọ́ ni mo wí o, torí nǹkan máa ń dí i lọ́wọ́. Ẹ wá padà síbi agbọ̀n yín. Bí àwọn kòkòrò yẹn ṣe ń jẹ ni ara wọn ń gbóná, bí ara alágbára tó ń gúnyán. Nínú agbọ̀n kékeré, ooru á gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Ẹ wá mú agbọ̀n tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tó gùn ní ìlọ́po méjì, tó jìn ní ìlọ́po méjì: ẹrù tó máa gbà jẹ́ ìlọ́po 8, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ tí ooru máa gbà jáde, ìlọ́po 4 péré ni. Ooru ò rọ́nà jáde, ó há sáàárín, àárín rà. Ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí tutù jù, kò là. Ọwọ́ yín ò kùnà rárá, màámi. Agbọ̀n ló tóbi jù.

Ìdí tó fi fò sókè nìyẹn! Nínú ìgò kékeré tó ń mì lọ́wọ́ ẹ̀, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, ó gbé e lọ sínú táǹkì lítà 5, ó dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀yin náà sì sọ ohun kan náà fún un láìmọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó mọ ìrẹsì se fún ọkọ àti ọmọ ò tíì di alásè, alásè tó ń se àpò 3 lẹ́ẹ̀kan náà mọ ìgbà tó yẹ kóun fa igi jáde, ó mọ̀ pé omi tí wọ́n ń bù sí ìkòkò kékeré, tí wọ́n bá kàn sọ ọ́ di ìlọ́po lásán, á di àṣáró. Bioprocess tí ọmọ yín ń kọ́, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń sìn kòkòrò nínú táǹkì ńlá, iṣẹ́ alásè ni. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun ní táǹkì tó ń gba lítà 10,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní láti yí omi tútù mọ́ ọn lára kí inú má baà jóná.

Ooru nìkan kọ́ o. Kòkòrò yẹn ń mí, wọ́n ní láti fẹ́ atẹ́gùn sí i látìsàlẹ̀, kí nǹkan kan sì máa rò ó. Tí ríro bá kéré, wọn ò rí atẹ́gùn mí, tó bá pọ̀ jù, á hó fóòmù, fóòmù á ru jáde lókè bí ìgbà tí ẹ̀wà bá hó da iná nù, mo ti fi ankaṣífù nu ilẹ̀ láàbù láago 2 òru rí. Tẹ́ ẹ bá tún da ṣúgà lé wọn lórí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á jẹ yó bìnàìnù, ohun tó ń jẹ́ kí fínígà kan ni wọ́n á máa yà jáde, á sì padà pa wọ́n lára. Ṣíbí ṣíbí ni, bí ẹni ń fún ọmọ ní ògì.

Ká ní gbogbo ìyẹn wá bọ́ sí i, purotéènì ṣì wà nínú ikùn bakitéríà, pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òmíràn tí a ò fẹ́. Ẹ sá mọ bí ẹ ṣe ń sẹ́ ògì, tẹ́ ẹ ń fi omi sí i, tẹ́ ẹ ń fún eèrí dànù, díẹ̀ nínú ògì gidi á sì bá eèrí lọ. Bó ṣe rí nìyẹn, àmọ́ tiwa lè tó ìgbà 5 tí a máa sẹ́ ẹ. Tí a bá rí 90 mú nínú 100 nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ lè sọ pé a gbìyànjú, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ dé ìgbà karùn-ún, nǹkan bíi 59 ló kù lọ́wọ́. Ibi sísẹ́ yìí ni owó ń gbà lọ jù. Èmi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, táǹkì ni tèmi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa fi omi táǹkì gúnni lábẹ́rẹ́.

Èyí tẹ́ ẹ bi mí pé ṣé wọ́n ń lo ọmọ yín, mi ò ní parọ́ fún yín. Owó ibẹ̀ ò tó nǹkan, nǹkan èlò ẹ̀ ń ti òkè òkun wá, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, mo mọ ẹni tó ń fi owó àpò ara ẹ̀ ra ìbọ̀wọ́ láàbù. Ẹ bi í ní ohun méjì: ta ló ń san owó nǹkan tó ń lò, ọdún wo ni ọ̀gá ẹ̀ ní ó máa parí? Tó bá dáhùn ìkejì láìkáàánú ara ẹ̀, kò sí wàhálà. Tó bá ń wolẹ̀, ẹ jókòó tì í. Àmọ́ ti pé ó ń bàjẹ́ yẹn, ẹ má kà á sí ọ̀lẹ o. Kẹ́ ẹ tó ṣe irú ìnáwó míì, ẹ pè é wálé, kó kó tẹmómítà ẹ̀ dání, kẹ́ ẹ jọ wọn àárín agbọ̀n àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ tún pín in sí agbọ̀n kéékèèké. Ẹ fún un ní irú pẹ̀tẹ̀ díẹ̀ tó bá ń padà lọ, ẹ má fún un ní wọ́rọ́, wọ́n ò ní jẹ́ kó rímú mí nínú mọ́tò.

ÌBÉÈRÈ: Àtọ̀gbẹ ń bá mi fà á, dókítà ti kọ insulin fún mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́ṣáláṣí ní ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, látìgbà yẹn ọkàn mi ò balẹ̀. Ìkejì, iná wa ní Òkè-Balógun kì í dúró, fíríìjì ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé mo lè gbé e sínú àmù?
Alhaji, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ara líle, sà. Ọ̀rẹ́ yín ò parọ́, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ. Ọdún 1921 ni Banting àti Best rí insulin nílùú Toronto, nígbà tó di 1922 wọ́n fún ọmọkùnrin ẹni ọdún 14 kan tí àtọ̀gbẹ ti fẹ́ẹ̀ pa, ọmọ náà yè. Látìgbà yẹn, fún bíi 60 ọdún, inú màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, wọ́n á kó òkìtì ohun inú ẹran láti ilé ìpẹran kí wọ́n tó rí ìgò díẹ̀. Ti ẹlẹ́dẹ̀ jọ tèèyàn gan-an ni, insulin tiwa ní ìlẹ̀kẹ̀ 51, 21 lójú okùn kan, 30 lójú ìkejì, ẹyọ kan ṣoṣo ni ti ẹlẹ́dẹ̀ fi yàtọ̀, ti màlúù fi 3 yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ní 1978 ni ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Genentech ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí E. coli ṣe insulin èèyàn, 1982 ni ìjọba wọn fọwọ́ sí i. Èyí tí wọ́n ń tà káàkiri báyìí, inú táǹkì ni wọ́n ti ṣe é, bakitéríà tàbí yíìsì ló sín in, bí mo ṣe ṣàlàyé fún Ìyá Onírú lókè. Ẹ wo ara páálí ẹ̀, tí wọ́n bá kọ "human" tàbí "rDNA" sí i, tàbí orúkọ bíi glargine, aspart, kì í ṣe ti ẹlẹ́dẹ̀, ti ẹlẹ́dẹ̀ wọ́n máa ń kọ "porcine" sí i. Ọ̀rọ̀ halal, ẹ fi lọ àáfà, èmi ò ní gba iṣẹ́ wọn ṣe, ṣùgbọ́n ẹ gbé páálí yẹn dání lọ kí wọ́n rí i. Kẹ́ ẹ má sì tìtorí ẹ̀ fo abẹ́rẹ́ kankan kẹ́ ẹ tó lọ.

Ọ̀rọ̀ àmù wá. Purotéènì ni insulin, ooru ń ṣe é bó ṣe ń ṣe funfun ẹyin, ẹyin tẹ́ ẹ bá ti dín ò lè padà di tútù mọ́. Èyí tẹ́ ẹ ò tíì ṣí, 2 sí 8 degree ni wọ́n fẹ́, inú fíríìjì gidi nìyẹn. Ṣé ẹ lè rí kẹ́míìsì tó ní iná tó dúró, tó máa bá yín tọ́jú ẹ̀, kẹ́ ẹ máa gba ẹyọ kan kan? Ìyẹn ló wù mí jù. Èyí tẹ́ ẹ ń lò lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé fi síta fún bí ọ̀sẹ̀ 4 tí ibẹ̀ ò bá gbóná ju 30 lọ, ẹ wo ìwé inú páálí torí wọn ò rí bákan náà. Ní 2021, àwọn dókítà MSF, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn níbi tí ogun bá wà, àti Yunifásítì Geneva tẹ ìwé kan jáde, wọ́n lo irú ìgbóná tó wà ní ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Dadaab ní Kẹ́ńyà, ó ń lọ láti 25 sí 37, ó ń padà wálẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 agbára insulin ò dín kù. Ìyẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ ni o, kò ní kẹ́ ẹ fi í sójú wíńdò.

Àmù dáa, ó sàn ju orí tábìlì lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun kan. Omi tó ń gba ara àmù jáde, tí atẹ́gùn ń gbẹ, òun ló ń kó ooru lọ. Lókè ọya tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ó ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ̀pẹ́ tiwa, ọ̀sà nìyẹn lẹ́yìnkùlé, afẹ́fẹ́ ti mu omi yó, aṣọ gan-an ń pẹ́ kó tó gbẹ, àmù ò lè tutù tó ti Kánò. Ẹ we insulin sínú nylon kí omi má kàn án, ẹ gbé àmù síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ẹ má jẹ́ kó dì láéláé, ẹ má gbé e ti áìsì, tó bá ti dì rí ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tó yẹ kó mọ́ gaara, tó bá ti funfun tàbí tí òwú òwú wà nínú ẹ̀, ẹ má lò ó. Èyí tó ń jẹ́ NPH ní tiẹ̀, bó ṣe máa ń funfun nìyẹn, ẹ rọra yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́, ẹ má mì í bí ẹni ń ta ayò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo wà ní final year, Biochemistry, Ìkòròdú. Ó wù mí kí n ṣe research lórí purotéènì ṣùgbọ́n wọ́n ní AI ti mọ bí gbogbo purotéènì ṣe rí, pé iṣẹ́ ti tán níbẹ̀. Ṣé kí n kúkú kọ́ coding?

ÌDÁHÙN: Kọ́ coding, kò ní kí o má ṣe purotéènì. Òótọ́ ni pé AlphaFold, ìyẹn AI tó ń sọ bí purotéènì ṣe máa ká, jà fún un, àwọn tó ṣe é, Demis Hassabis àti John Jumper, pẹ̀lú David Baker, ni wọ́n pín ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì ní 2024. Bí okùn ṣe máa ká ni kọ̀ǹpútà ń sọ fún ẹ. Bóyá bakitéríà tìẹ máa gbà láti ká a bẹ́ẹ̀, ìyẹn kọ́. Mo ti ní àwòrán purotéènì kan tó rẹwà lórí kọ̀ǹpútà, mo dé láàbù, gbogbo ẹ̀ di kókó bí àmàlà tí wọ́n fi ìkánjú rò. Mo ní láti dín ìgbóná kù láti 37 sí 18, kí wọ́n máa ṣe é jẹ́jẹ́, kókó náà sì lọ sílẹ̀. Bó o ṣe máa mọ̀ nìyẹn, o ṣe é, ó bàjẹ́, o tún un ṣe.

Nǹkan tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà tí mo wà níbi tó o wà yìí ni ọ̀rọ̀ iná. Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n mú iná lọ ní alẹ́ Friday, dísù tán nínú jẹnẹrétọ̀, ẹni tó yẹ kó ra á ti lọ síbi ìgbéyàwó. Mo dé lọ́jọ́ Monday, fírísà tó yẹ kó wà ní 80 degree nísàlẹ̀ òdo, omi ń kán nídìí ẹ̀. Iṣẹ́ oṣù 4 wọlẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí àga, mo jẹ búrẹ́dì, mi ò tiẹ̀ sunkún. Látìgbà yẹn, ọ̀nà méjì ni mo ń pa nǹkan mọ́ sí, ẹ̀dà kan máa ń wà ní ilé ẹlòmíì. Kọ ohun gbogbo tó o bá ṣe sínú ìwé, kọ ọjọ́ sí i, kọ èyí tí ò ṣiṣẹ́ pàápàá.

Tó o bá ń wá ohun tó o máa ṣe fún project, o ò gbọ́dọ̀ dúró de nǹkan olówó dọ́là. Ilé ìlọ-ìrẹsì ńlá tí wọ́n ṣí ní Ìmọ́tà ní 2023 kò jìnnà sí ẹ, eèrí ìrẹsì ń bọ́ níbẹ̀, èèpo ẹ̀gẹ́ sì wà lẹ́yìn gbogbo ilé gàrí. Kòkòrò ń fẹ́ràn nǹkan báyẹn, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á tú ẹ́ńsáìmù sí i, ìyẹn purotéènì tó ń bá wọn gé oúnjẹ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọn ẹ́ńsáìmù yẹn, fi wé ti eèrí tí o ò fi kòkòrò sí, o ti ní project.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní ìbẹ́pẹ ń jẹ́ kí ẹran tètè rọ̀. Mo gé e sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ẹran náà le bíi bàtà. Irọ́ ni àbí?
Ìyá Ìbejì, Àgbádárìgì

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe irọ́, ẹ pẹ́ débẹ̀ ni. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ papain wà nínú oje funfun ara ìbẹ́pẹ tútù, òun ló ń gé purotéènì ẹran wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Òun náà purotéènì ni, ooru ọbẹ̀ tó ń hó á sè é pa kó tó ráyè ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó gbé ẹran kaná, ẹ rin ìbẹ́pẹ dúdú díẹ̀, ẹ fi pa á lára, ẹ fi sílẹ̀ bíi ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá ṣàn án. Ẹ má fi í sílẹ̀ mọ́jú o, tẹ́ ẹ bá jí, ẹran ti di ẹ̀bà.